Ẹran Tó Súnkì Kó Tó Dé Orí Iná

Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà.

Bóyá ẹ ti gbọ́ òwe yìí ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Bóyá ẹ̀yin náà ti fi pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ ọ̀yà náà? Ṣé ẹ mọ ẹni tó pa á, ẹni tó ní kò tóbi, àti ohun tó ti wà láàárín àwọn méjèèjì kí ọ̀yà tó kú? Bí ìyá tó bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún wa nígbà tí a bá ń bó ẹ̀gúsí ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ìlú mìíràn lè ní tiwọn. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kí Ọlọ́run ṣáà má jẹ́ kí n sọ ọ́ nù.

Láyé ogun, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìpàró. Ìpàró kò ní odi tó ga, kò sì ní ẹṣin púpọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn jagunjagun tó ń ṣọ́ ìlú, ni odi rẹ̀. Nítorí náà ni Ìpàró kì í fi iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ṣeré. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní okùn òwú tirẹ̀ tó so rọ̀ nínú ìyẹ̀wù ilé Balógun. Bí ọkùnrin kan bá ṣe gudugudu méje lójú ogun, Balógun yóò mú àmì kan jáde fún un: iyùn ni fún ẹni tó gba ọmọ ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, irun ìrù ẹṣin ni fún ẹni tó gba ẹṣin, àkísà pupa sì ni fún ẹni tó dúró kẹ́yìn kí àwọn yòókù lè sá là. Ti àkísà pupa yìí ló ṣọ̀wọ́n jù, nítorí pé ẹni tó bá dúró kẹ́yìn kì í sábà padà wá gbà á.

Wọn kì í fi àmì lé ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin kan wà tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Asokùn. Òun ló ń gba àmì, òun ló ń so ó mọ́ okùn ẹni tó ni ín, tí yóò sì ta kókó lé e. Lọ́dọọdún, Asokùn yóò mú okùn kọ̀ọ̀kan níwájú ìlú, yóò máa fi ìka wá kókó lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò máa ki oríkì ìjà tó wà níbẹ̀, àti ti àwọn tó kú síbẹ̀. Ohun tí kò bá sí lórí okùn kò sí lẹ́nu Asokùn. Ohun tí kò bá sí lẹ́nu Asokùn, Ìpàró gbà pé kò ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ̀ṣọ́ bá wá dàgbà kọjá ogun, wọ́n á di okùn rẹ̀. Wọ́n á fi ìda oyin bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á gbé e sí àjà. Okùn tí wọ́n bá ti dì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u mọ́, ìbáà ṣe Balógun.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, okùn Ọdẹ́tókùn ló kàn.

Ọdẹ́tókùn ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọbìnrin ni gbogbo ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ti lọ sílé ọkọ. Ikọ́ kan wà láyà rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó parí gbólóhùn kan láìdúró. Kókó mẹ́fà ló yẹ kó wà lórí okùn rẹ̀, mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó ṣe ìkẹrin ni ti odò Olójè. Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀tá lé ẹ̀ṣọ́ Ìpàró dé etí odò náà nígbà tó kún. Ọ̀nà ìsọdá kan ṣoṣo ló wà, ó sì há. Ọdẹ́tókùn àti àwọn mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà náà títí ẹni ọgọ́rin fi sọdá. Àwọn mẹ́ta náà ni Ògúnbọ̀dé, Fáwọlé àti Àdìgún. Ọdẹ́tókùn nìkan ló jáde nínú omi.

Balógun ìgbà náà mú àkísà pupa jáde, ó fà á lé Asokùn lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, Balógun kú. Asokùn kò so àkísà náà mọ́ okùn. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun kò gba nǹkan kan.

Orúkọ Asokùn náà ni Ìgè. Àdìgún tó kú sí Olójè sì ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí ìlú fi gbà á gbọ́. Wọ́n ní, ta ni yóò fi orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ pamọ́? Bí kókó kan bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣé kì í ṣe Ìgè ló yẹ kó kọ́kọ́ so ó?

Lẹ́yìn ìgbà náà, Ọdẹ́tókùn gba ẹṣin lógun kan, ó gba àwọn obìnrin mẹ́rin sílẹ̀ lógun mìíràn. Gbogbo ìlú rí èyí, Ìgè kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òfin Ìpàró ni pé okùn kì í fo kókó. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nílẹ̀ tí a kò tíì yanjú, èyí tó tẹ̀ lé e yóò dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni okùn Ọdẹ́tókùn ṣe dúró fún ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n di okùn náà, Ọdẹ́tókùn fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ ṣe ọ̀pá, ó lọ bá Ìgè nílé Balógun. Balógun tó wà lórí oyè nígbà náà jókòó síbẹ̀. Kò ì tíì pé ogójì ọdún. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà ogun Olójè.

"Ìgè, ọjọ́ márùn-ún ló kù."

"Èmi náà lè ka ọjọ́."

"Kókó Olójè ńkọ́?"

"Ta ló rí i?" Ìgè kò gbójú sókè, òwú ló ń ran. "Balógun ayé ìgbà yẹn ti kú. Ògúnbọ̀dé kú. Fáwọlé kú. Àdìgún ọmọ ìyá mi kú. Ìwọ nìkan ló kù. Àbí ẹnu ara ẹni la fi ń ki ara ẹni ní Ìpàró báyìí?"

"Àwọn tó ti sọdá rí mi."

"Ẹni tó ń sá lójú ogun kì í wẹ̀yìn. Kí ni wọ́n fẹ́ rí?"

Ikọ́ gbé Ọdẹ́tókùn. Ìgè dúró kó parí rẹ̀, ó wá fi òwú sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ ṣe oore.

"Wò ó, jáwọ́ lọ́rọ̀ Olójè. Sọ níwájú Balógun pé kò sí. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, màá ti so ìrù ẹṣin rẹ, màá ti so iyùn rẹ. Kókó márùn-ún á pé. Baba mélòó ló ní márùn-ún nílùú yìí?"

Ẹ ò rí i pé ìdẹkùn náà dùn ún wò. Kókó méjì ni wọ́n fẹ́ fún un kó lè fi ẹyọ kan tọrẹ. Ọdẹ́tókùn wo ara ògiri níbi tí okùn rẹ̀ so rọ̀ sí.

"Bí mo bá jáwọ́," ó ní, "ta ni yóò máa pe orúkọ àwọn mẹ́ta yẹn?"

Ìgè mú òwú rẹ̀.

Balógun ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Òfin ló bí mi, kì í ṣe èmi ló bí òfin. Bí a kò bá rí ẹlẹ́rìí kó tó di ọjọ́ náà, bí okùn ṣe wà la ó dì í."

Ọdẹ́tókùn kí i, ó jáde. Ó yọjú sí ilé àwọn tó ti sọdá odò lọ́jọ́ Olójè. Àwọn mẹ́rin ló kù láyé. Ọ̀kan ti fọ́jú, ọ̀kan kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwọn méjì yòókù ní òótọ́ ni Ìgè sọ, àwọn kò wẹ̀yìn. Ojú tì wọ́n láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ ìdìkùn ni ọjọ́ ìgbẹ́. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ á jọ lọ sí ọ̀dàn, wọ́n á tiná bọ koríko, wọ́n á sì dúró de ọ̀yà níbi tí yóò gbà sá jáde. Ẹran tí wọ́n bá pa ni ìlú yóò jẹ lọ́jọ́ ìdìkùn. Asokùn àti Balógun á jókòó sábẹ́ igi oṣè lẹ́nu ibodè, Asokùn á máa dá ẹran lẹ́jọ́ bó ṣe ń wọlé. Bí ó bá rí ọ̀yà tó tóbi púpọ̀, èyí tí à ń pè ní òdù, á fi ewé akòko sí i lẹ́nu, wọ́n á sì fi egungun àgbọ̀n rẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà Balógun lórúkọ ẹni tó pa á. Bí kì í bá ṣe òdù, á kàn nawọ́ síbi ìkòkò.

Àṣà méjì ló wà lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sọ́kàn. Èkíní ni pé àgbà ẹ̀ṣọ́ kì í fi èjìká tó gbé ọ̀kọ̀ ru ẹran wọ̀lú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a rù ú. Èkejì ni pé ẹni tó bá ru ẹran kì í la ẹnu títí Asokùn yóò fi dá a lẹ́jọ́.

Ọdẹ́tókùn lọ sí ìgbẹ́ náà. Wọ́n ní kó jókòó sílé, ó ní ìlú kò tíì di okùn òun. Ó dúró síbi tí èéfín ti ṣú jù, ó ń wúkọ́, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀yà kan já lu ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ju ọ̀kọ̀ mẹ́ta, wọn kò bà á. Baba arúgbó ju ẹyọ kan.

Ta ni yóò wá rù ú nígbà tí kò ní ọmọkùnrin? Ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Akínlùyì, ẹni ogójì ọdún, ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín rù ú." Akínlùyì yìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó kékeré Ìgè ni. Ó gbé ọ̀yà náà lé èjìká, ó yára ṣíwájú. Baba ń bọ̀ lẹ́yìn ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì.

Ìgè rí àna rẹ̀ lókèèrè pẹ̀lú ẹran tó bo gbogbo èjìká rẹ̀. Ó dìde. Kò dìde fún ẹnikẹ́ni láti àárọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹ̀yìn ọ̀yà náà, ó gbá a nítan, ó ya ẹnu rẹ̀ wo eyín, ó wá gbóhùn sókè kí gbogbo ibodè lè gbọ́:

"Ọ̀yà eléyín àdá,
a-gé-ìrèké-bí-olóko,
a-sùn-sínú-eèsún-mi-gbogbo-eèsún.
Èyí tó kú lónìí, baba wọn ni,
ẹni tó pa á, kí ọwọ́ rẹ̀ má rọ.

"Ìbú ọwọ́ mẹ́rin. Ẹ wá wò ó. Láti ọdún mẹ́fà, n kò rí irú rẹ̀. Òdù ni." Ó fi ewé akòko sí i lẹ́nu.

Akínlùyì sọ ẹran kalẹ̀, ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ti lè sọ̀rọ̀ wàyí.

"Ẹ ṣeun, àna mi. Bàbá Ọdẹ́tókùn ló pa á. Mo kàn bá wọn rù ú ni."

Ọdẹ́tókùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ó fara ti ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìgè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ wọn ẹran náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó ya àwọn ìka rẹ̀ gbàgàdà.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Oòrùn ló wà lójú mi. Irun ló pọ̀ lára rẹ̀, ẹran kọ́. Ìbú ọwọ́ méjì àbọ̀ ni. Ọ̀yà lásán ni èyí, ẹ gbé e lọ síbi ìkòkò." Ó yọ ewé akòko kúrò lẹ́nu ẹran.

Ìyá arúgbó kan wà nídìí ìkòkò tó ń jẹ́ Móríyèbá. Láti kékeré ló ti ń se ẹran ọjọ́ ìgbẹ́, ó sì dàgbà ju gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ. Ó gbé igi orógùn rẹ̀ dání, ó rọra rìn wá, ó wo ẹran, ó wo Ìgè.

"Ìgè, ọmọ mi, mo mọ ẹran tó ń súnkì nínú omi gbígbóná. Mo mọ èyí tó ń súnkì lórí ààrò. Èyí tó súnkì lórí ilẹ̀ tútù nítorí pé ó gbọ́ orúkọ ẹni tó pa á, òun ni n kò rí rí."

Ẹ̀rín pa àwọn ènìyàn. Akínlùyì náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ ẹran yìí," ni Ìgè wí.

"Ó dáa. Mo ń padà sídìí ìkòkò mi. Ẹ jẹ́ n sọ ti obìnrin kí n tó lọ: ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà."

Bó ṣe sọ èyí, ẹ̀rín dá. Òye ti ń yé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. Bí ojú tó dá ẹran lẹ́jọ́ bá rí báyìí, ojú tó ń ṣọ́ okùn ńkọ́? Balógun dìde lórí àga rẹ̀.

"Bàbá Ìgè," ó ní, "ẹ gbé àpò yín wá."

Àpò Asokùn, ọwọ́ ẹlòmíràn kì í wọ̀ ọ́. Awọ ìgalà ni, abẹ́ apá Ìgè ló máa ń wà, níbẹ̀ ló sì ń kó àmì sí kó tó so wọ́n. Ìgè fi apá há a mọ́ra. Balógun kò jókòó. Iná ọ̀dàn ń ta pàrà lókèèrè. Ọdẹ́tókùn ń wo ilẹ̀, nítorí pé bí àpò náà bá ṣófo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sómi nìyẹn.

Ìgè fúnra rẹ̀ ló tú àpò náà. Ó mú irun ìrù ẹṣin jáde, ó mú iyùn jáde. Ó kó ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí yóò yọ ọ́, ìdì awọ kékeré kan ló mú dání. Àkísà pupa ló wà nínú rẹ̀. Ó ti ṣá, ó ti dà bí èèpo àlùbọ́sà.

"Mo ní ẹni tó ń sá kì í wẹ̀yìn," ni Ìgè wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Irọ́ ni. Èmi náà sá lọ́jọ́ Olójè, àwọn tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ ti kú tán. Mo ti sọdá, mo wẹ̀yìn. Mo rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí Àdìgún nígbà tó ṣubú. Mo rí Ọdẹ́tókùn tó jáde nínú omi, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó gbé e dání. Kò gbé nǹkan kan dání."

Ọdẹ́tókùn ní, "Mo dì í lọ́wọ́ mú. Omi gbà á."

"Mo rí i." Ìgè ká àkísà náà mọ́ ìka rẹ̀. "Bí mo bá so èyí, ọdọọdún ni màá máa fi ẹnu ara mi ki ọjọ́ tí wọ́n pa ọmọ ìyá mi, kí n sì fi yin ọkùnrin tó padà wálé. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ọdún kan ni mo kọ́kọ́ ní kí n fi sílẹ̀ ná. Ọdún kan wá di ọgbọ̀n."

Ẹlẹ́rìí tí Ọdẹ́tókùn ń wá káàkiri ti fara hàn báyìí, òun náà ló sì ń fi àkísà pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Balógun bẹ̀rẹ̀, ó mú ewé akòko nílẹ̀, ó dá a padà sẹ́nu ọ̀yà. Wọ́n kọ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà mi ní ó pẹ́ níbẹ̀ kí ikán tó jẹ igi tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe náà. Wọ́n ń pa á nígbà tí ẹnì kan bá ṣe ohun tó tó yangàn, tí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ sì ń sọ ọ́ di kékeré. Wọ́n tún ń pa á fún ẹni tí a bá fẹ́ fi ṣe adájọ́, pé kó wo inú ara rẹ̀ kó tó wọn ẹran ẹlẹ́ran. Àwọn mìíràn rò pé ìlara nìkan ni òwe náà ń bá wí. Kì í ṣe ìlara nìkan. Ọ̀fọ̀ tí a kò sunkún rẹ̀ tán náà lè sọ ọmọlàkejì ẹni di ọ̀tá, kó sì mú kí ọwọ́ mẹ́rin di méjì àbọ̀ lójú ẹni. Kí Elédùmarè má ṣe fi ìbànújẹ́ wa bò wá lójú. Àmín.

Lọ́jọ́ ìdìkùn, ìlú pé. Ìda oyin ti yọ́ nínú agbada. Wọ́n tẹ́ ẹní fún Ọdẹ́tókùn, ó jókòó, ikọ́ rẹ̀ sì fún un láyè díẹ̀. Wọn kò gba okùn lọ́wọ́ Ìgè. Wọ́n ní òun ló mọ ohun tó wà níbẹ̀ jù. Ó mú okùn náà, kókó mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ó ki èkíní, ó ki èkejì, ó ki ìkẹta. Ìka rẹ̀ kan èyí tó pupa, ó dúró. Gbogbo ìlú dúró dè é. Ó bẹ̀rẹ̀:

"Ọdẹ́tókùn Àkànjí,
ọmọ a-fi-àyà-dí-ẹnu-odò,
a-rí-ikú-lókèèrè-má-yà-lọ́nà..."

Ọdẹ́tókùn gbé ọwọ́ sókè lórí ẹní.

"Ìgè," ó ní, "èmi ṣì wà láyé, mo lè dúró. Jọ̀ọ́, ki Àdìgún ṣáájú."